Okùn Òwú Tí Mo Fi Fa Ìlà ní Douala

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá jókòó tì mí níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára kéèyàn kọ́ ní Douala yìí, ẹ gbọ́ o. Mi ò mọ iṣẹ́ tó dára. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀, tí mò ń fa ìlà sórí sìmẹ́ǹtì fún àwọn ọmọ gíga-gíga tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, eré tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Èmi fúnra mi ò ju bọ́ọ̀lù náà wọlé rí láyé mi. Ẹ wo gíga mi ná kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá sì gbọ́ tí orúnkún mi ń dún, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Sìmẹ́ǹtì ni.

Ìtàn bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Àbúrò bàbá mi ló mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n wá bá òun ta àlùbọ́sà ní Marché Sandaga. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé àpò. Àlùbọ́sà ń ta mí lójú, omi ń bọ́ lójú mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà á máa kí mi ní “aṣíà”, bí wọ́n ṣe ń báni kẹ́dùn níbẹ̀, wọ́n á ní ta ló kú. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ará ìlú wa wá ra àlùbọ́sà, ó rí bí mo ṣe ń fi okùn di ẹnu àpò. Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ ní ìdì yìí?” Mo ní ìyá mi ni, aláṣọ òfì ni wọ́n. Ó yí sí àbúrò bàbá mi, ó ní, “Fún mi ní ọmọ yìí, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣòfò níbí.” Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Bàbá Lámídì nìyẹn. Owó tí wọ́n ń san ńkọ́? Ó máa ń gbé wa dé òpin oṣù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á sọ̀ wá kalẹ̀ lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bàbá Lámídì ló ń tọ́jú pápá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lẹ́yìn Akwa. Kíláàsì bíi mẹ́jọ, igi máńgòrò kan, pápá sìmẹ́ǹtì kan, ó tán. Àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà nínú líìgì àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké agbègbè wa, pẹ̀lú àwọn ará Édéa, àwọn ará Nkongsamba àti àwọn mìíràn. Kí sáà líìgì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, a gbọ́dọ̀ tún gbogbo ìlà pápá fà, torí òjò Douala ti fọ tèṣí dànù. Nígbà tí mo kọ̀wé sílé pé iṣẹ́ ìlà ni mò ń kọ́, ìyá mi dá mi lóhùn pé ṣé wọ́n ṣì ń kọ ilà sójú ọmọ ní Kamẹrúùnù ni.

Irinṣẹ́ Bàbá Lámídì ò ju méje lọ. Igi ìwọ̀n kan tó gùn ní mítà kan, tó fi ọ̀bẹ sàmì sí lára. Òkúta kan tó so mọ́ okùn tín-ínrín. Ìṣó. Ẹfun, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni okùn òwú rẹ̀, tó lọ́ fúnra rẹ̀, tó ta kókó sí níbi tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá parí sí. Tí a bá fẹ́ fa ìlà tó rí róbótó, a ó sọ òkúta náà kalẹ̀ láti àárín irin agbọ̀n ká lè mọ ibi tó bọ́ sí gan-an, a ó gbá ìṣó síbẹ̀, a ó so okùn mọ́ ọn, màá wá máa yí i ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà o. Ká tó fa ìlà kankan, a ó tẹ́ okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìwọ̀n, a ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀. Ẹnì kan á fà á, ẹnì kejì á kà á. Ẹnì kan kì í dá okùn wọ̀n. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kúkú ra mítà onírin tí wọ́n ń tà ní Akwa. Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀.

“Irin? Ní Douala níbí? O ò rí bí ọ̀rinrin ìlú yìí ṣe ń jẹ páànù ni? Irin tó bá dípẹtà, nọ́ńbà ara rẹ̀ á pa rẹ́, á wá máa purọ́ fún ọ. Okùn kì í purọ́. Okùn á kàn yí padà ni. Ìwọ ló yẹ kó o bi í léèrè.”

Oṣù mẹ́fà ni mo fi fọ búrọ́ọ̀ṣì kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀dà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fa ìlà fúnra mi, Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, ó pa ojú kan dé, ó wò ó títí. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

“Ó dáa.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

“Pa á rẹ́.”

“Ha! Bàbá, ṣebí ẹ ní ó dáa?”

“Ó dáa fún ẹni tó ń kọjá lọ. Kò dáa fún ẹni tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.”

Mo pa á rẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́, mo sì ń bú u nínú ọkàn mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń fọ ilẹ̀. Ọlọ́run forí jì mí. Lónìí, tí mo bá rántí bí ó ṣe máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀ yẹn, omijé á máa bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti àlùbọ́sà.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó lọ jókòó sílé rẹ̀ ní New Bell. Ó fún mi ní igi ìwọ̀n. Okùn rẹ̀, kò fún mi. Ó ní kí n lọ lọ́ tèmi. Mo lọ́ ọ, mo ta kókó sí i, ó sì ṣiṣẹ́ fún mi lọ́dún púpọ̀.

Ayé wá yí padà. Wọ́n mú òfin tuntun wọ eré náà, wọ́n ní ká fa ìlà róbótó ńlá kan sí iwájú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ìlà náà tó ju bọ́ọ̀lù wọlé, póìǹtì mẹ́ta ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ìlà tàbí tó wà nínú rẹ̀, méjì péré. Ìlà onímẹ́ta là ń pè é. Mítà mẹ́fà àti kọ́tà ni, láti abẹ́ agbọ̀n. Àwọn ìlà yòókù, tí wọ́n bá wọ́ díẹ̀, rẹfirí á fojú fò ó. Èyí ò gbọdọ̀ wọ́ rárá.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, a ti fìdí rẹmi nínú eré àkọ́kọ́ ní sáà mẹ́ta léra. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí gbogbo wa ń pè ní Mùsíò Dirẹ́ktọ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n eré ò sí lọ́kàn rẹ̀. Ó pe Étienne, kóòṣì wa, ó pe èmi náà, ó ní àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wá láti Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó, ò ríbi gbé mọ́tò sí. “Tí ẹ bá tún fìdí rẹmi nínú eré àkọ́kọ́ ọdún yìí, pápá yẹn di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo ti sọ tèmi.” Étienne jáde, ó ń la òógùn. Èmi náà mọ̀ pé tí pápá bá lọ, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn.

Ẹni tí ọkàn gbogbo wa wà lára rẹ̀ ni Wàsíù. Ọmọ Yorùbá ni, Douala ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ń ta tòmátò ní Sandaga. Gíga rẹ̀ ò kéré, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ bọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ ni kò gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ, ìdajì á jẹ́ Faransé, ìdajì tó kù á máa fọ́ ni létí. Á wò mí lójú korókoró, á ní, “Bùọ̀dá, o ti jẹun?” Ìgbà tí Bàbá Lámídì kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó bèèrè igi ìwọ̀n kó lè fi nà án. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni. Bí kíláàsì bá ti parí, pápá ló ń gbà lọ, á dúró sẹ́yìn ìlà onímẹ́ta, á máa jù ú, á máa jù ú. Ó sọ fún mi pé láyé òun, ibẹ̀ nìkan lòun ti máa ń mọ ohun tí òun ń ṣe.

Eré àkọ́kọ́ bọ́ sí Sátidé, àwọn ará Édéa la fẹ́ gbà lálejò. Òjò ń palẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ mọ òjò Douala. Á dágbére tán, á tún padà wá mú fìlà tó gbàgbé. Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti Étienne wọn okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fa ìlà onímẹ́ta sí apá ọ̀dọ̀ máńgòrò. Bí mo ṣe parí rẹ̀ tí ọ̀dà gbẹ báyìí ni òjò bẹ́. Mo gbé ọ̀dà, mo gbé ẹfun, mo sáré. Okùn ni mo gbàgbé sórí pápá, òjò sì rọ̀ lé e mọ́jú.

Àárọ̀ Jímọ̀, oòrùn yọ. Mo fún okùn náà, mo fi kọ́ sórí òpó agbọ̀n títí ilẹ̀ fi gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Étienne ti lọ gba aṣọ eré lọ́wọ́ télọ̀. Àkókò ìrun Jímọ̀ ti ń sún mọ́lé. Mo wo igi ìwọ̀n, mo wo okùn, mo ní, ṣebí okùn tí a wọ̀n lánàá náà nìyí? Àbí ó ti bí ọmọ? Mo so ó mọ́ ìṣó, mo fa ìlà apá kejì, mo kùn ún lọ́dà, mo sáré lọ ṣe àlùwàlá.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ń fọ aṣọ òwú ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òwú tó bá mumi, tó tún gbẹ, á kó ara rẹ̀ jọ. Ọmọ aláṣọ òfì ni mí o! Ó yẹ kí n mọ̀ jù gbogbo ayé lọ.

Sátidé, pápá kún. Eré náà le. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó parí, Édéa fi póìǹtì méjì jù wá lọ. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Wàsíù ní apá tí mo fà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìlà níbẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo rí bàtà rẹ̀ kedere. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà, kò kàn án. Ó jù ú. Rẹfirí na ìka mẹ́ta sókè, fèrè dún, gbogbo ilé ìwé ya wọ pápá. A ti borí pẹ̀lú póìǹtì kan. Wàsíù já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e, ó wá kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí, ó fọwọ́ kan ìlà, ó fọwọ́ kan àyà.

“Bùọ̀dá! Ìlà ẹ ni! Ìlà ẹ ló ṣe é!”

Mo dì mọ́ ọn. Mùsíò Dirẹ́ktọ̀ náà ń pàtẹ́wọ́, ó ní ó dáa, ẹ máa mú pápá yín lọ.

Àárọ̀ Àìkú ni mo fẹ́ ká okùn pamọ́. Ọwọ́ mi ló kàn ṣe bẹ́ẹ̀ tó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìwọ̀n. Okùn ò dé ibi àmì. Mo tún un tẹ́. Kò dé. Mo gbé igi lọ sí pápá, mo wọn ìlà méjèèjì láti ìdí ìṣó. Ti Ọjọ́bọ̀ pé. Ti Jímọ̀ sún mọ́ agbọ̀n jù, ohun tó fi dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ẹsẹ̀ mi. Ká ní ìlà wà níbi tó yẹ kó wà ni, inú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ Wàsíù ì bá wà. Póìǹtì méjì ni ì bá jẹ́. Ọ̀mì ni à bá ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀dà wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, mo lè pa á rẹ́ kí n tún un fà, ẹ̀dá alààyè kan ò ní mọ̀. Mo tilẹ̀ ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mọ́ ọn lára. Mo bá dìde, mo gba New Bell lọ.

Bàbá Lámídì ń rin pákò lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹni mélòó ló wọn okùn?”

“Èmi ò tiẹ̀ wọ̀n ọ́n, Bàbá.”

“Hẹ̀n-ẹ́n.” Ó tu pákò dànù. “Kí lo wá bi mí?”

“Bàbá, tí mo bá sọ ọ́, pápá lọ, iṣẹ́ lọ. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ohun tí òun nìkan mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.”

“Tí o ò bá sọ ọ́ ńkọ́?”



Ó ní, “Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Ràṣídì, àwọn ọmọ Édéa náà tẹ ìlà yẹn. Ìwọ lo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gbé ọjà rẹ lọ bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ajé mo sọ ọ́. Étienne gbé ọwọ́ lérí, ó ní, “Ràṣídì, ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló bi ọ́?” Dirẹ́ktọ̀ ò pariwo, ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wo àjèjì. Líìgì ní ká tún eré náà gbá ní Sátidé tó ń bọ̀. Wàsíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Bùọ̀dá, kí ló dé tí o ò dákẹ́?”



Nígbà tí a tún eré náà gbá, ìlà pé. Okùn tuntun ni mo lọ́, èmi àti Étienne la wọ̀n ọ́n, Étienne ò bá mi sọ̀rọ̀, nọ́ńbà nìkan ló ń kà. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, Wàsíù tún dé ibi tó dúró sí lọ́jọ́ kìíní. Ó wo ilẹ̀, ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù kọlu irin, ó tàkìtì jáde. Póìǹtì mẹ́rin ni wọ́n fi borí wa. Wàsíù ò wo agbọ̀n, èmi ló yíjú wò. Ojú yẹn bá mi gbé fún ọdún púpọ̀.

Dirẹ́ktọ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó yọ òpó agbọ̀n méjèèjì, ó ní èmi náà ni kí n fa ìlà ibi tí mọ́tò á máa dúró sí. Mo fà á. Mo fi omijé fà á, mi ò ní purọ́. Wàsíù àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ yá pápá ẹlẹ́pápá gbá, á sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lójoojúmọ́ láìkí mi, títí tó fi gba ìwé-ẹ̀rí tó sì lọ. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n yọ òpó, Bàbá Lámídì gun béńsíkìnì láti New Bell, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ọlọ́kadà ló dì í mú dé ọ̀dọ̀ mi. Ó na àpò ọ̀rá kan sí mi. Okùn rẹ̀ ni.

“Tìẹ ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Gba tèmi.”

Kò yìn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi kú.

Nígbà tí sáà mìíràn ń bọ̀, ẹ má gbàgbé pé mo ní mi ò mọ iṣẹ́ míì, àwọn ará Édéa ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè mí. Kóòṣì wọn ní ẹni tó fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn ni kó wá fa ìlà tiwọn. Nkongsamba tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe ń ti pápá kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mítà onírin dé. Ẹ̀rọ tó ń tu ọ̀dà dé. Wọ́n sún ìlà onímẹ́ta sẹ́yìn ní ìdajì mítà, mo tú kókó okùn Bàbá, mo tún un ta. Ní báyìí, iná pupa kan ni wọ́n ń tàn sílẹ̀ tó ń sọ ìwọ̀n fún wọn, ọmọ tó mú un dání ò ní kúnlẹ̀ rárá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Orúnkún ni wọn ò ní bà jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí sáà bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tẹrí ba wọ ilé mi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní ewú. Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀.” Ọ̀sán gangan ni o! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Wàsíù ti di kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ọ̀gá tuntun ti dá pápá padà, wọ́n ti kó mọ́tò kúrò, oníná pupa ti fa ìlà. Ó ní, “Ẹ mú okùn, ẹ jẹ́ ká lọ.” Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi okùn ṣe. Ó gbé igi ìwọ̀n mi lé èjìká.

Nígbà tí a dé pápá, kò dúró kí n sọ nǹkan kan. Ó tẹ́ okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó ní, “Ẹ fà á, èmi á kà á.” Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta.

Mo ní, “Ta ló kọ́ ọ?”

“Ẹ̀yin ni. Mo wò yín láti ojú fèrèsé kíláàsì lọ́jọ́ tí ẹ ń fa ìlà àwọn mọ́tò. Ẹ ò rí ẹni bá yín mú okùn, ẹ lọ bẹ géètì-mán. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nítorí mọ́tò! Ọjọ́ yẹn ni inú mi rọ̀ sí yín. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi lè kí yín.”

A so okùn mọ́ ìṣó, a yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kókó okùn Bàbá Lámídì ń rìn lórí ìlà oníná pupa náà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Wàsíù bá mú bọ́ọ̀lù kan, ó lọ sí ibi tó wà lọ́jọ́ náà, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó fò, ó jù ú.

Ẹ máa bi mí bóyá ó wọlé. Mi ò mọ̀. Ilẹ̀ ni èmi ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlà.